Orúkọ Tí Sùwéébátù Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Pè

Gbogbo àwọn tó kù ti dákẹ́, onílù náà sì tún lu ìlù lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbì! Ẹyọ kan péré, bí ẹni tó ti jáde nílé tó tún padà wá kan ilẹ̀kùn. Sùwéébátù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọgbà ibi eré náà, dúró gbagidi. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó máa ń ṣe irú àlékún bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò Marcory, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti sin ín.

Tadjoudine ọmọ rẹ̀ ni. Orin pọ́ńkì ni ọmọ náà ń lù, orin àwọn tó ń pariwo bí ẹni tí ilé ń jó, tí wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín sí i. Ìyá rẹ̀ kò mọ ohun tó dùn níbẹ̀ títí dọjọ́ náà. Aránṣọ ni òun ní tirẹ̀. Rídò, aṣọ ojú fèrèsé, ló ń rán fún àwọn ọlọ́jà àdúgbò Treichville. Tí Tadjou bá mọ̀ọ́mọ̀ fa orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ ya, ìyá á rán an lálẹ́, ọmọ á tún fà á ya láàárọ̀, wọ́n á wá máa bú ara wọn títí ẹ̀rín á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ibà ló mú ọmọ náà lọ. Ìyá kò rí ibojì rẹ̀, nítorí òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ lọ sí ibi tí wọ́n máa sin ín sí. Ìdí nìyẹn tó fi gbà láti wá sí eré ìrántí yìí. Eré kì í ṣe ìsìnkú. Ó fẹ́ gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn, kó sunkún díẹ̀, kó wọ takisí padà sílé, kó sùn.

Steve, olórí ẹgbẹ́ náà, ló pè é. Ọmọ orílẹ̀-èdè Benin ni Steve, irun rẹ̀ nà sókè gàgàrà, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ tutù. Kò mọ Tadjou lójú rí. Kásẹ́ẹ̀tì ló fi mọ̀ ọ́n. Ogun ti tú àwọn ọ̀rẹ́ Tadjou ká, òun ló tún gbé orin wọn dìde. Fọ́tò kan ṣoṣo tó rí ló lẹ̀ mọ́ ògiri: ẹnu Tadjou là gbàgà, irun bo gbogbo ojú. Àjẹ́ gan-an kò lè fi fọ́tò yẹn dá ènìyàn mọ̀.

"Tantie, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ gbọ́ onílù wa tuntun? Chérif lorúkọ rẹ̀, ìlú Bouaké ni mo ti rí i. Il est trop fort, ó mọ̀ ọ́n lù jù! Ó ń lù bíi ti Tadjou gẹ́lẹ́."

"Mo gbọ́," ni Sùwéébátù wí.

Ó mú omi inú ọ̀rá kan, ó lọ bá onílù náà lẹ́yìn aṣọ dúdú tí wọ́n ta. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ òtútù kan ń ti ara ọmọkùnrin náà jáde, bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí fíríìjì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba omi náà. Lápá òsì rẹ̀, àpá kan wà níbẹ̀, orí rẹ̀ ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ gbòòrò. Ayọ́ọ̀nù Sùwéébátù ló jó o, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Tadjou ń sáré lọ síléèwé.

Orúkọ kún ẹnu obìnrin náà. Ó gbé e mì.

Ẹ̀yin náà mọ irú ẹni tó rí, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Àkúdàáyà ni. Ẹni tó kú láìtọ́jọ́ á kọrí sí ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, á fẹ́yàwó, á bímọ, á máa bá ayé rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú bá pe orúkọ rẹ̀ lójú rẹ̀, ó tán, ó di àwátì. Ìyá ìyá Sùwéébátù máa ń sọ ti ọ̀kan ní Kùmásí. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó ní òun ń lọ pọnmi, ọbẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ gbé kaná jóná mọ́ ìkòkò, kò padà wá mọ́.

"Ọmọ mi," ó rọra sọ ọ́, torí kò sẹ́ni tí àgbà ò lè pè bẹ́ẹ̀, "ṣé o ní ìyàwó?"

"Oui, la mère. Mo bí obìnrin kan. Ó ti ń rìn tàgétàgé."

Kò bi í léèrè ibi tí ará Bouaké ti gbọ́ Yorùbá. "Ta ló jọ?"

Ọmọkùnrin náà wò ó lójú. "Wọ́n ní ó jọ ìyá mi."

Háà! Sùwéébátù na ọwọ́. Ó fẹ́ fọwọ́ kan ojú yẹn. Kò kàn án. Ó ní kí Ọlọ́run wo ọmọ náà dàgbà, ó sì jáde.

Ìta ni Steve ti sọ bí àwọn ṣe máa ká eré náà nílẹ̀. "Lẹ́yìn orin tó gbẹ̀yìn, tantie, màá pe Tadjoudine lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo wa á dáhùn pé 'Présent!', ìyẹn 'Mo wà níbí!', bíi ti iléèwé. Ẹni tí kò lè dáhùn mọ́, àwa la máa bá a dáhùn."

Gbogbo ọgbà náà ló mọ̀ pé Tadjoudine ti kú, wọ́n sì fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ lójú rẹ̀!

"Steve, jọ̀ọ́, má pè é."

"Ah, tantie! Ohun tá a tìtorí ẹ̀ wá nìyẹn."

Kí ló máa sọ? Tó bá sọ ìdí rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, òun fúnra rẹ̀ ti pe ọmọ náà nìyẹn.

Eré bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń fò, wọ́n ń fi èjìká gbá ara wọn, tẹ́nì kan bá ṣubú wọ́n á fà á dìde, wọ́n á ní "Pardon, vieux père, má bínú o," wọ́n á tún gbá a. Wọ́n gbé àga fún Sùwéébátù síwájú. Ọmọbìnrin kan tó fi irin gún imú ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i bí ẹni ń ṣìkẹ́ ìyá ọkọ. Ó wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń la igi mọ́ ìlù, tó ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ àtijọ́, ó sì wá gbọ́ adùn orin náà. Ó dùn o. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta á.

Orin ìgbẹ̀yìn parí. Gbì! Steve gbé míkírò sẹ́nu. "Tad..."

Bí àgbàlagbà náà ṣe dé orí pèpéle, kò sẹ́ni tó lè sọ. Gèlè rẹ̀ ti tú sí ọrùn. Ó já míkírò gbà.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má pe òun. Èmi ni kí ẹ pè. Sùwéébátù lorúkọ mi, èmi ni mo bí i. Ẹ pè mí dípò rẹ̀."

Ariwo sọ. Wọ́n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà kọjá ààlà. Onílù dìde lórí àpótí, ó ń mi orí. "Rárá," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Sùwéébátù gbọ́ ọ, kò bojú wẹ̀yìn. Kì í ṣọmọdé. Ó mọ̀ pé ipò òkú ni òun fi orúkọ òun sí. Ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ràn, ọ̀rọ̀ náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó fún Steve ní míkírò rẹ̀.

"Sùwéébátù!"

"Présent!" Ilẹ̀ mì tìtì.

"Sùwéébátù!"

"Présent!" Òtútù wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó gba orúnkún, ó ń gòkè bọ̀.

"Sùwéébátù!"

Ó wù ú kóun náà bá wọn jẹ́ ẹ. Ó la ẹnu, ohùn kankan ò jáde. Wọ́n ti bá a dáhùn.

Steve ń rẹ́rìn-ín, ó yíjú láti dì mọ́ ọn. "Tantie dà? Ibí yìí ló dúró sí nísinsìnyí." Iwájú rẹ̀ gan-an ni Sùwéébátù wà, bí obìnrin náà bá na ọwọ́, á kan irun gàgàrà yẹn. Lẹ́yìn ìlù, òógùn bo onílù lójijì, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó sáré, ooru ń ti ara rẹ̀ jáde. Ayọ̀ kún inú Sùwéébátù débi pé kò mọ ohun tó lè fi ṣe.

Ọmọkùnrin náà ju igi ìlù sílẹ̀. Ó yípo jáde, ó kọjú sí ibi tí Steve ti ń wá ènìyàn tí kò rí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kanlẹ̀, iwájú orí kanlẹ̀.

Àwọn ènìyàn rò pé ara eré ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.