Abẹ́rẹ́ Tí Bàbá Mofẹ́ Kò Gbà

Láàárọ̀ Sátidé kan lọ́dún 1996, Folúṣadé ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé wọn ní Kamazou nílùú Kaduna, ọkọ rẹ̀, Adédàpọ̀, sì ń rìn yí ilé ká pẹ̀lú báàgì ńlá lẹ́yìn, bí ẹni pọn ọmọ. Tíṣà jọ́gíráfì ni. Ọdún mẹ́fà ló fi ń fowó pamọ́ kí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lè lọ fẹsẹ̀ rin orí òkè Nepal. Àwọn aládùúgbò ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ta ló ń wọkọ̀ òfurufú lọ gun òkè nígbà tí Kufena wà ní Zaria lọ́fẹ̀ẹ́?

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Japhet, tó máa ń báwọn èèyàn ṣe ìwé ìrìnnà, fi wọlé. Ó na yẹ́lò káàdì sí Adédàpọ̀, káàdì tó ń jẹ́rìí pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú.

"Ọ̀gá, an gama! Gbogbo ẹ̀ ti parí."

Folúṣadé gbójú sókè. "Bàbá Mofẹ́, ìgbà wo lẹ gba abẹ́rẹ́ ọ̀hún?"

"Haba, ìyàwó mi! Káàdì ni wọ́n máa ń bèèrè. Ta ni yóò wo apá mi?"

Folúṣadé mọ̀ pé kò dáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì panu mọ́. Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ karùn-ún tí Japhet gbé káàdì wá, lẹ́yìn tí Adédàpọ̀ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gba Íńdíà gbéra lọ sí Nepal, Dinah, aládùúgbò wọn tó ní tẹlifóònù, sáré wá pè é. "Maza, zo! Yára wá! Ọkọ ẹ ni, ó wà ní Delhi!"

Ohùn Adédàpọ̀ kò lókun. "Wọ́n ti dá mi dúró, wọ́n fi mí sí yàrá kan lọ́tọ̀. Déètì ọjọ́ tí Japhet gbé káàdì wá ló kọ sí i. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí èèyàn tó wọ̀lú wọn. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọn óò fi ṣọ́ mi."

"Àwọn ọ̀rẹ́ yín ńkọ́?"

"Abẹ́rẹ́ tiwọn ti pé ọjọ́, wọ́n ti lọ. Ìyá Mofẹ́, ara mi ń gbóná láti àárọ̀."

Folúṣadé fa tẹlifóònù mọ́ etí. "Wọn ò fún yín lóògùn ni?"

"Dókítà ní bó bá jẹ́ ibà pọ́njú ni, kò sí oògùn tó ń pa á. Wọ́n á kàn máa tọ́jú èèyàn, bóyá ara á borí ẹ̀. Ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, abẹ́rẹ́ ló sì ń dènà ẹ̀."

Fún ọjọ́ méjì, Folúṣadé ń bínú sí ọkọ rẹ̀, ó ń bínú sí ara rẹ̀, ó sì ń gbàdúrà pẹ̀lú ìbínú náà. Nígbà tí Dinah tún ké pè é, ìdí ìkòkò ni ó ti dìde láìwo ẹ̀yìn.

"Malaria ni!" Adédàpọ̀ ń pariwo lórí wáyà. "Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti jáde. Malaria lásán tí mo gbé kúrò ní Kaduna ni, mo sì ti ń lo oògùn ẹ̀!"

Folúṣadé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé onílé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Kò sí ẹni tó tíì dúpẹ́ nítorí malaria tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n tú Adédàpọ̀ sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jìnnà sórí òkè. Ìrìn ọjọ́ méjìlá di ọjọ́ mẹ́ta ní ẹsẹ̀ òkè. Òkèèrè ló ti wo yìnyín tó fi ọdún mẹ́fà lá lálàá. Ó padà wálé pẹ̀lú àlàáfíà, òun, ìyàwó rẹ̀ àti Mofẹ́ ọmọ wọn sì jọ lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ náà gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìrìnnà, iléèwòsàn ìjọba ni kí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ yín, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra. Ojú yín ni kí wọ́n ti kọ déètì sí káàdì. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ bá rí i tí ènìyàn yín ń ra ayédèrú, ẹ má panu mọ́. Káàdì lè tan òṣìṣẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kò mọ̀wé kà.