Fèrèsé Tó Di Ìwé Ẹlòmíràn Mú

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ ètò sórí kọ̀ǹpútà. Ó-Ti-Parí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé iṣẹ́ yòówù kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, èsì kan náà ló máa ń fún wọn: "Ó ti parí." Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ lọ. Bí wọ́n bá pè é lọ sí ìsìn, yóò fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò tó ló ń wá olùrànlọ́wọ́ lókè. Ọ̀rẹ́ mi tí ń ka ìwé yìí, má tíì bínú sí i. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe.

Ilé ìwòsàn kan ní kí ó kọ ètò tí wọn yóò fi máa rí ìwé àwọn aláìsàn. Apá òsì ojú kọ̀ǹpútà ni orúkọ wọn wà. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ orúkọ kan, ìwé oògùn ẹni náà yóò jáde lápá ọ̀tún, nínú àpótí kan lójú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní fèrèsé. Wọ́n lè fa fèrèsé yìí lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, kí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tó bá wù wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Gbàrà tí wọ́n bá ti fà á kúrò ní àyè rẹ̀, ohun tó so ó mọ́ ìwé á já, fèrèsé á sì ṣófo.

Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wá ìdí rẹ̀. Kò rí i, ojú sì ń tì í láti sọ pé òun kò rí i. Ló bá dá ọgbọ́n kan. Ó ní kí fèrèsé náà máa di ìwé tó gbé jáde kẹ́yìn mú, kí ó má baà ṣófo mọ́.

Obìnrin tó ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó jáde fura. Ẹ̀gbọ́n ló jẹ́ fún un lẹ́nu iṣẹ́, onígbàgbọ́ sì ni.

"Àbúrò, mo fa fèrèsé yìí, mo tẹ orúkọ ẹlòmíì, ìwé ẹni àkọ́kọ́ ló ṣì wà níbẹ̀."

"Àǹtí, kọ̀ǹpútà yín ló ń falẹ̀. Ó ti parí."

"Ṣé òótọ́ lò ń bá mi sọ?"

"Ṣé mo ti purọ́ fún yín rí ni?"

Ó ti purọ́ fún un rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n obìnrin náà gbà á gbọ́, ó fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, ó sì ń dùn ún títí dòní.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ibà gbé ìyàwó Ó-Ti-Parí dé ilé ìwòsàn yẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkọ wọlé, ó bá a tí ojú rẹ̀ wú, tí kò lè mí dáadáa. Dókítà rò pé ibà náà ló le sí i.

"A wo ìwé rẹ̀ ká tó fún un lábẹ́rẹ́," nọ́ọ̀sì wí. "Kò sí oògùn kankan tí ara ẹ̀ ò gbà."

Ọkọ mọ abẹ́rẹ́ kan tí ara ìyàwó rẹ̀ kò gbà, ìṣojú rẹ̀ sì ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fa fèrèsé yẹn lọ sókè. Ìwé ẹlòmíràn ló dì mú.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú yàrá náà àfi òun. Ẹnu tó máa ń yá wá wúwo. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń jà fún èémí.

"Dókítà, ìwé yẹn kì í ṣe tiẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà tí ara ẹ̀ ò gbà. Èmi ni mo kọ ètò yìí. Iṣẹ́ náà ò parí."

Wọ́n sáré sí ìyàwó, wọ́n sì ti ọkọ síta. Ó jókòó sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni obìnrin ayẹṣẹ́wò, tó wá kí ìyàwó rẹ̀, ti bá a, ọkọ náà sì sọ ohun tó jẹ́wọ́ fún dókítà fún un.

"Àǹtí, kí ni mo lè ṣe?"

"Kò sí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Àbúrò, gbogbo ọpọlọ orí ẹ ò lè bá a mí. Èmi náà ò lè bá a mí. Ohun tóo sọ fún dókítà yẹn, sọ ọ́ fún Jésù. Sọ fún un pé o ò parí."

Ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. "Olúwa, irọ́ ni mo ń pa láti ọjọ́ yìí. Ọwọ́ mi ò ká a. Ṣàánú mi." Kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ, ẹkún ló ń sun.

Ì bá wù mí kí n kọ ọ́ pé ìyàwó rẹ̀ dìde lójú ẹsẹ̀. Kò dìde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi mọ ẹni tó dúró tì í. Ó ti padà sílé báyìí, ṣùgbọ́n ògiri ló ń dì mú rìn. Ọkọ rẹ̀ jẹ́wọ́ fún àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn, wọ́n sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun kò tíì lè dárí ji ara òun, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé Ọlọ́run ti dárí ji òun nítorí Jésù.

Ìwọ ńkọ́? Ìwé ta ni ò ń gbé síta fáráyé kà? Àwọn aládùúgbò rẹ ń wò ó, wọ́n ń yìn ọ́, aya rẹ pàápàá lè má mọ̀. Ọlọ́run kò wo fèrèsé. Ìwé tìrẹ gan-an ló ń kà, gbogbo rẹ̀, ó sì tún fẹ́ràn rẹ.

O ti gbìyànjú láti tún ara rẹ ṣe, o mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó parí lóòótọ́, èyí tí Jésù ṣe fún ọ lórí igi àgbélébùú ni. Má ṣe dìde kúrò níbi tí o jókòó sí lónìí kí o tó sọ fún un pé tìrẹ kò parí.