Ta Ló Ń Ṣí Àpótí Màmá Louisa?

Ọ̀rẹ́ mi, bóyá inú ọkọ̀ ni wọ́n ti fún ọ ní ìwé pélébé yìí. Bóyá ẹnìkan ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ ní Igbosere bí o ṣe ń sáré lọ sí kóòtù. Má tíì fi nu epo ọwọ́. Mo fẹ́ sọ ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan fún ọ. Kì í ṣe ọ̀mùtí, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè é ní ọmọ dáadáa. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ìtàn rẹ̀ máa bà mí lẹ́rù títí di òní.

Jeremy Àjàsá ni orúkọ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí i sí, ní agboolé bàbá bàbá rẹ̀. Ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì, níbi tí òun àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tẹ́ní Montẹ́rò ti jọ wà ní kíláàsì kan náà. Ọmọ Pópó Àgùdà ni Tẹ́ní, àdúgbò àwọn tí baba ńlá wọn ti oko ẹrú òkè òkun padà wá sí Èkó. Màmá Louisa, ìyá bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà nínú ilé àtijọ́ tí baba ńlá wọn kọ́ nígbà tó ti Brasil padà dé.

Màmá Louisa fẹ́ràn Jeremy púpọ̀. Jeremy ló ń bá a fi òwú sí abẹ́rẹ́, òun ló ń tún fóònù rẹ̀ ṣe. Bí Jeremy bá wọlé, màmá á ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún un kó tó jókòó.

Àpótí pàánù kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá yìí. Inú rẹ̀ ni ìwé ìrìnnà baba ńlá wọn wà, èyí tó mú wọ ọkọ̀ ojú omi bọ̀ wá sí Èkó, tí wọ́n fi aṣọ funfun wé. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ tí àwọn Àgùdà ń rántí òkú wọn, màmá á mú un jáde, á ka orúkọ gbogbo àwọn tó ti lọ fún àwọn ọmọ, á sì dá a padà. Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí ìwé náà: kì í sùn síta.

Ní ọdún kan, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Brasil kọ̀wé wá pé àwọn yóò gba akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Èkó fún ọdún kan. Àwọn ni yóò gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ìdílé Àgùdà ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kó sì ní ìwé tí yóò fi hàn bẹ́ẹ̀. Gbogbo kíláàsì ló mọ̀ pé Tẹ́ní ni yóò lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn láti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni ibà dá Tẹ́ní dùbúlẹ̀. Màmá wá pe Jeremy.

"Ọmọ mi, fọ́ọ̀mù Tẹ́ní rèé. Ìwé baba ńlá wa rèé. Bá wa lọ ṣe fọ́tòkọ́pì, kí o bá wa fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kó wálé kí oòrùn tó wọ̀ o. Kì í sùn síta."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kí ẹ tó sùn jí, mo ti dé."

Jeremy jáde. Nígbà tí ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ń wá yíǹkì ẹ̀rọ rẹ̀, ó jókòó, ó tẹjú mọ́ ìwé náà. Èrò kan wọ inú rẹ̀ wá. Kì í ṣe èrò ńlá. Ó kàn sọ pé: ta ni yóò mọ̀?

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Jeremy wo ilé onílé, ó sì sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ó gba fọ́ọ̀mù tuntun, ó kọ Jeremy Montẹ́rò sí i, ó ní orúkọ ìdílé ìyá òun ni. Ó ya fọ́ọ̀mù Tẹ́ní, ó sì fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ náà yóò béèrè ojúlówó ìwé náà, ó fi í pamọ́ sínú àpò rẹ̀.

Nígbà tó padà dé, Màmá Louisa ń tòògbé lórí àga. Jeremy ti aṣọ funfun náà sínú àpótí lófìfo, ó pa á dé, ó sì lọ. Ní ọjọ́ kẹta ni màmá ṣí àpótí, kò sì rí ìwé náà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Jeremy.

Fetí sí ohun tó sọ, ọ̀rẹ́ mi, nítorí ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti kúrò ní olè lásán nìyí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbà á lọ́wọ́ mi, Màmá. Ẹ tún ní kí Ọlọ́run bù kún mi. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?"

Màmá wo ojú rẹ̀. Ó wo àpótí. "Mo ti gbàgbé," ni ó wí. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti gbẹ́kẹ̀ lé orí ara rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí èsì dé, Jeremy parọ́ fún gbogbo ènìyàn pé Pọtogí ni òun ń lọ. Wọ́n bá a yọ̀. Tẹ́ní rò pé wọn kò mú òun ni. Ó tilẹ̀ bá Jeremy di ẹrù.

Ayé akẹ́kọ̀ọ́ ní Brasil dùn, ó sì korò. Èdè kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹlòmíràn bá rẹ́rìn-ín, láìmọ ohun tí wọ́n sọ. Ọjọ́ tó rí obìnrin tó ń din àkàrà lẹ́bàá títì, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀ tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ, tó bá dé orí "Montẹ́rò," ẹnu Jeremy á wúwo kó tó jẹ́ "mo wà níbí." Ó rò pé yóò mọ́ òun lára. Kò mọ́ ọn lára.

Ìyá arúgbó kan wà ní ìlú náà tó ń jẹ́ Sophia Montẹ́rò. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Montẹ́rò kan ti Èkó dé, ó wá a wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú Jeremy mú, ó ń sunkún, ó ní, "Ojú wa nìyí! Ojú wa gan-an nìyí!" Láti ìgbà náà, ilé rẹ̀ ni Jeremy ti ń jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi.

Nígbà tí ọjọ́ ìrántí òkú pé, Ìyá Sophia tan àbẹ́là, ó fi lé Jeremy lọ́wọ́, ó ní kó dárúkọ àwọn ará Èkó. Jeremy mọ àwọn orúkọ náà, ó ti gbọ́ wọn lẹ́nu Màmá Louisa. Ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, ìyá arúgbó náà béèrè pé, "Àwọn tó wà láàyè ńkọ́? Ta ló kù níbẹ̀ tí mo lè bá sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀rù ba Jeremy kí àṣírí má tú. "Kò ku ẹnì kankan," ni ó wí. "Louisa ló kẹ́yìn. Òun náà ti kú."

Ìyá Sophia tan àbẹ́là mìíràn fún Louisa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Jeremy dùbúlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kíláàsì. Oòrùn wà nínú yàrá. Ó gbọ́ tí ẹnìkan ń ṣí àpótí pàánù. Ìdérí rẹ̀ dún. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí wọ́n ń kó nǹkan jáde nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n kó wọn padà. Wọ́n pa á dé. Jeremy fò dìde. Kò sí àpótí pàánù kankan nínú yàrá náà. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ẹ̀wẹ̀, ó tún dún. Ọjọ́ kẹta, ó dún. Jeremy bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò nílé lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ó bá a lọ sí ilé ìkàwé, ó bá a lọ sí etí òkun.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Tẹ́ní fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù. "Jeremy, how far? Bá mi gbàdúrà fún màmá, abeg. Kì í sùn lọ́sàn-án mọ́. Àpótí yẹn ló ń tú. Á kó gbogbo ẹ̀ jáde, á tún kó o padà, lójoojúmọ́. Dókítà ní orí ẹ̀ ti ń lọ. Mo tiẹ̀ pariwo mọ́ ọn lánàá, ó wá ń bẹ̀ mí bí ọmọdé."

Jeremy jókòó sílẹ̀. Òkú a máa ba èèyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n alààyè ló ń ba Jeremy lẹ́rù, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ẹnu pa. O lè sọ pé ẹ̀rí ọkàn lásán ni. Èmi kò bá ọ jiyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé pípe ènìyàn kì í sú Ọlọ́run, kò sì sí òkun tó fẹ̀ jù fún un.

Ṣé Jeremy wá ronú pìwà dà? Rárá o! Nígbà tí ọdún náà parí, ilé ẹ̀kọ́ náà ní àwọn yóò gbà á títí tí yóò fi gboyè, bó bá lè mú ìwé ìbúra wá láti kóòtù pé Montẹ́rò ni lóòótọ́. Ó padà wá sí Èkó, ó sì gba Igbosere lọ.

Ẹni tó pàdé níbẹ̀, tó ń tẹ ìwé ìbúra fún àwọn ènìyàn lábẹ́ agbòòrùn ńlá kan, ni Dáfídì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Dáfídì ti di ọmọlẹ́yìn Kristi. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Jeremy sọ ohun tó fẹ́ kó tẹ̀.

Dáfídì gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ìwọ kẹ̀? Montẹ́rò láti ìgbà wo? Ṣebí mo mọ ìyá ẹ, ọmọ Ìjẹ̀bú ni."

"Guy, ṣáà tẹ̀ ẹ́. Kí ló kàn ọ́?"

"Mo lè tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n máa gbé Bíbélì fún ẹ nínú ilé yẹn, wọ́n á ní kí o pe Ọlọ́run lẹ́rìí. Ṣé o fẹ́ kó wá jẹ́rìí ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́?"

Jeremy fẹ́ fèsì, àmọ́ àpótí dún. Lọ́sàn-án gangan, láàárín àwọn lọ́yà àti akọ̀wé àti àwọn tó ń ta bíró, ìdérí pàánù náà dún. "Ṣé o gbọ́?" ni ó béèrè. Dáfídì ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Jeremy wá bojú, ó sunkún, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ fọ́tòkọ́pì títí dé àbẹ́là Ìyá Sophia.

Dáfídì kò dá a lẹ́bi, kò sì pọ́n ọn lé. Ó ní, "Jeremy, Jésù ò mọ Montẹ́rò tí ò ń gbé kiri yẹn. Kò kú fún un. Jeremy Àjàsá, olè, òpùrọ́, ìyẹn ló kú fún. Bí o bá ń jẹ́ orúkọ olórúkọ, báwo lo ṣe máa dáhùn nígbà tó bá pè ọ́?"

Abẹ́ agbòòrùn yẹn ni Jeremy kúnlẹ̀ sí, kò wo ẹni tó ń kọjá. "Jésù Olúwa," ni ó wí, "èmi Jeremy ni. Mo ti ṣẹ̀ ọ́. Ṣàánú mi."

Nígbà tó dìde, ó ti ń nu ojú láti máa lọ sílé. Dáfídì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó ti gbọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ṣì wà lápò ẹ, oòrùn ò sì tíì wọ̀."

Àwọn méjèèjì fi ẹsẹ̀ rìn dé Pópó Àgùdà. Ilẹ̀ ni wọ́n bá Màmá Louisa, àpótí wà níwájú rẹ̀, ó ti kó ẹrù rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀. Kò gbójú sókè. Jeremy dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi ìwé náà sórí ìró rẹ̀.

"Màmá, èmi ni mo jí i. Ẹ ò gbà á lọ́wọ́ mi rárá. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Màmá fọwọ́ kan ìwé náà. Ó tú u.

"Ìwọ lo mú un?"

"Èmi ni, Màmá."

"Kì í ṣe pé mo gbàgbé?"

"Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan."

Màmá Louisa fi ọwọ́ méjèèjì di orí ara rẹ̀ mú, ó bú sẹ́kún. "Tẹ́ní!" ni ó ké. "Tẹ́ní o! Sáré wá gbọ́! Orí mi ò dàrú! Orí mi ò dàrú o!"

Tẹ́ní gbọ́, ó gbá Jeremy létí, ó sì bọ́ sẹ́yìn ilé lọ sunkún. Oṣù mẹ́rin ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. N kò ní parọ́ fún ọ pé ohun gbogbo tún ṣe lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n màmá ní kí Jeremy dìde. Ó fi aṣọ funfun wé ìwé náà, ó pa àpótí dé, ó sì sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan.

Jeremy kọ̀wé jẹ́wọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ náà, ó pàdánù ipò rẹ̀. Ó kọ̀wé sí Ìyá Sophia pé Louisa wà láàyè. Àwọn ìyá arúgbó méjèèjì ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù báyìí. Ìkan kò gbọ́ èdè èkejì, síbẹ̀ wọn kò fẹ́ gbé e sílẹ̀. Jeremy kò sì gbọ́ ìró àpótí mọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá o kò jí ìwé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ni ò ń pe ara rẹ lójú àwọn ènìyàn? Ta ló ń ṣiyèméjì orí ara rẹ̀ lónìí nítorí irọ́ tí o pa? Ohun kan ń dún nínú rẹ nígbà tí ilé bá dákẹ́, o sì mọ̀ ọ́n. Má sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Má sọ pé ó di ìgbà tí mo bá rìnrìn-àjò dé. Jésù tó pe Jeremy ń pè ọ́, orúkọ tìrẹ gan-an ló sì fi ń pè ọ́. Dá a lóhùn níbi tí o jókòó sí. Jẹ́wọ́ fún un, kí o sì gbé ohun tó wà lápò rẹ padà fún ẹni tó ni ín.

Kì í sùn síta, ọ̀rẹ́ mi. Dìde kí o máa bọ̀ wálé, nígbà tí oòrùn ò tíì wọ̀.