Ọkọ̀ Oddlaug Tó Ń Kán Ọ́ìlì

Gbàù!

Ìbọn dún. Àwọn ẹyẹ òkun tó bà sórí òrùlé ilé ẹrù fò lọ yàà.

Oddlaug wà lórí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó ń fi okùn de ìdì pánlá tó kẹ́yìn. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ọkùnrin gíga kan ti dúró nísàlẹ̀. Ó faṣọ bojú, ó sì na ìbọn ẹlẹ́nu-méjì sí i bí ẹni na ìka.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, nínú oṣù kẹfà. Gbogbo ará abúlé Kråkvika ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì níbi ìgbéyàwó ọmọ pásítọ̀. Ohun táwọn olè náà ti ń dúró dè nìyẹn. Oddlaug àti Arnt, bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ilé ẹrù, nìkan ló kù létí òkun.

Steinulf lorúkọ ọkùnrin gíga náà. Ẹni tó tẹ̀ lé e, tó sanra díẹ̀, ń jẹ́ Jarle. Wọ́n ti bàbá Arnt mọ́ yàrá ìwọ̀n, wọ́n gba fóònù rẹ̀ àti ti Oddlaug, wọ́n sì ju fóònù méjèèjì sómi.

"Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀," ni Steinulf wí. "Èmi ni ikú tí kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹ má dán mi wò o."

Oddlaug sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, orúnkún rẹ̀ kò sì mọ ìkánjú. Ìdì pánlá tó wà lórí ọkọ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí abúlé rí pa nínú òtútù láti oṣù kejì. Ilé méjìlélógún ló ń wojú ẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn ún, kì í ṣe ìbọn.

Jarle gòkè síbi ìwakọ̀, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fa jíà.

Kààràrà!

Jíà kọ̀ jálẹ̀. Ọkọ̀ náà ti lé lógójì ọdún. Èèyàn gbọ́dọ̀ gbé jíà kejì rẹ̀ sókè díẹ̀ kó tó tì í, bí ẹni ń rọ ọmọ tó ń sunkún. Oddlaug nìkan ló mọ̀ ọ́n rọ̀. Steinulf bú Jarle tìyátìyá, ó sì pàṣẹ kí màmá wọlé wá wà á. Ọkọ̀ ojú omi kan ń dúró dè wọ́n lódìkejì òkè, ogójì kìlómítà sí ibẹ̀.

Bí wọ́n ṣe fún ara wọn mọ́ iwájú ọkọ̀ nìyẹn, pánlá lẹ́yìn, ìbọn láàárín.

Kùtùkùtùkùtù! Ọkọ̀ gbéra.

Òótọ́ ni pé ọkọ̀ yìí ń jò. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a máa kán, àmọ́ kì í ṣe púpọ̀: ẹ̀kán kan, á sinmi, ẹ̀kán mìíràn. Ibi tó bá sùn sí, á fi àmì dúdú tí kò ju ìdérí ìgò lọ sílẹ̀. Lítà kan tó o láti fi yí gbogbo erékùṣù Lofoten ká, á sì tún ṣẹ́ kù.

Oddlaug mọ̀ bẹ́ẹ̀. Steinulf kò mọ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gun òkè, òórùn ọ́ìlì tó ń jó wọlé bó ti máa ń wọlé. Steinulf fa imú, ó béèrè kí ló ń jó.

Oddlaug rẹ́rìn-ín nínú ikùn, ó sì fajú ro níta. Ó ní ẹ́ńjìnnì ni. Ó ní àfi kí wọ́n máa dúró bu ọ́ìlì sí i ní gbogbo kìlómítà márùn-ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kú sójú ọ̀nà, wọn á sì fi orí ru pánlá dé etí omi.

Steinulf wo òkè, ó wo ìdì pánlá. Ó ní kó dúró.

Oddlaug ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fa gééjì ọ́ìlì yọ, ó fi àkísà nù ún, ó gbé e sójú oòrùn, ó mi orí, ó tì í padà, ó tún fà á yọ. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ọ́ìlì tó bù látinú ike kò kún ṣíbí. Nígbà tí wọ́n dúró lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Ó gbé fúláàsì kọfí rẹ̀ jáde, ó sì bu fún wọn. Ikú tí kì í kan ilẹ̀kùn ká aṣọ ojú rẹ̀ sókè, ó gba kọfí, ó ń fẹ́ ẹ lẹ́nu fùù, fùù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábúlé, ẹ̀yìn ìgbà náà ni Oddlaug tó gbọ́ ọ. Bàbá Arnt ti fi òkúta ìwọ̀n fọ́ fèrèsé. Ó sáré wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà, gẹ́lẹ́ bí pásítọ̀ ṣe ń bi ìyàwó bóyá ó gbà, ó sì kígbe pé wọ́n ti kó pánlá lọ.

Ragnvald, ọlọ́pàá kan ṣoṣo tí abúlé ní, fò dìde nínú aṣọ ìbílẹ̀ rẹ̀ tó ní bọ́tìnnì fàdákà. Ìdáhùn ìyàwó ò tíì jáde lẹ́nu tó fi bọ́ sọ́kọ̀.

Wìì-ó! Wìì-ó!

Ní oríta, kò mọ ibi tí yóò yà sí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sójú títì. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń bá Oddlaug jà pé kó lọ tún ọkọ̀ yẹn ṣe. Wàyí, ó rí ẹ̀kán dúdú kan tó ń dán lójú ọ̀nà òkè.

"Ọlọ́run má jẹ́ kó tún un ṣe láéláé," ló wí, ló bá darí ọkọ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dúró lẹ́ẹ̀kẹta, Jarle bá Oddlaug bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì rí. Ó fi ìka tọ ibi tí ọ́ìlì ti ń sun. Ó fa gééjì yọ. Ọ́ìlì kún dé ibi tó yẹ.

Ó gbójú sókè wo Oddlaug.

"Ọ̀gá," ni Jarle wí, "ọ́ìlì yìí o..."

"Pa ẹnu ẹ dé! Ta ló bi ẹ́? Di ike mú, iṣẹ́ tìẹ nìyẹn," ni Steinulf jágbe.

Jarle di ike mú.

Wọ́n tún gbéra. Oddlaug di ìdarí ọkọ̀ mú. Ó ń rò ó pé bóyá kóun máa wà á lọ tààrà, kí àṣírí má baà tú. Àfi bí Jarle ṣe sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

"Ọ̀gá, ó ti tó kìlómítà márùn-ún o."

Oddlaug wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òkun ni Jarle ń wò.

Bí wọ́n ṣe dúró lẹ́ẹ̀kẹrin nìyẹn, níbi tí títì ti gba etí òkun. Sùúrù Steinulf ti tán, ó já ike gbà, ó da ọ́ìlì sí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ wàràwàrà, ó sì ta sí i lọ́wọ́ dé ìgúnpá.

Wìì-ó! Wìì-ó!

Ọkọ̀ ọlọ́pàá yọ ní kọ́nà. Steinulf gbé ìbọn.

Gbàù! Gbàù!

Ọ̀kan ba pátákó ojú títì, èkejì lọ sínú òfuurufú. Ó ki ọwọ́ bọ àpò fún ọta mìíràn. Ọta yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà yọ̀, wọ́n yí gbirigbiri lọ sínú omi.

Inú ọkọ̀ ni ìbọn Ragnvald wà, wọ́n tì í pa. Kò dúró wá kọ́kọ́rọ́. Tòun ti bọ́tìnnì fàdákà ló fi bẹ́ mọ́ Steinulf, àwọn méjèèjì sì ṣubú gbìì. Oddlaug ta ìbọn olè nípàá wọ òkun. Jarle gbé ọwọ́ sókè.

Nígbà tí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wọ ọwọ́ àwọn méjèèjì tán, Steinulf ń ráhùn pé ọkọ̀ jákujàku ló pa òun.

"Kò sóhun tó ṣe ọkọ̀ náà," ni Jarle wí. "Ọ́ìlì rẹ̀ kún. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

"O mọ̀, o ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí. Ọdún méjì tí mo ti ń tẹ̀ lé yín, ẹ ò bi mí ní nǹkan kan rí."

Ragnvald ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n Oddlaug ní kó ṣe sùúrù ná. Ó mú Jarle lápá, ó fà á lọ síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ibo ló ti ń jò gan-an?" ló bi í.

Jarle na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n so pọ̀ síbẹ̀, ó ní gásíkẹ́ẹ̀tì òkè ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ìyàwó ń dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì, Steinulf ń pòṣé lẹ́yìn ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu títí ó fi sọ ọ́ tán.