Pákó Tí Kò Ní Orúkọ

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, ẹsẹ̀ Toby Hoyle, ọmọ ọdún márùn-ún, rì wọ inú ilẹ̀ ilé wọn títí dé kókósẹ̀. Kò pariwo. Ó fa ẹsẹ̀ yọ, ó wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tó ti tutù, ó ní, "Bàbá àgbà, ilé wa ti rọ̀ bíi búrẹ́dì inú tíì."

Ilé onítáyà ni, irú èyí tí ọkọ̀ máa ń fà lọ síbi ìgbafẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí eléyìí ti lọ síbì kankan. Abẹ́ àwọn igi ńláńlá ló wà, létí òkun Oregon, níbi tí òjò kì í ti í dá láti ìgbà ìkórè títí ewé tuntun á fi yọ. Vernon ló ni ín. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló ṣe títí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fi bàjẹ́. Òun àti Dawn ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ibẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ Dawn méjèèjì, Toby àti Kendra ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Òru ni Dawn máa ń ṣiṣẹ́, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó.

Vernon kò lè kúnlẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ ni wọ́n so mọ́ imú rẹ̀. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó na súkúrúdíráfà sí Kendra.

"Fi gún ilẹ̀. Ibi tó bá ti wọlé, igi ti kú níbẹ̀. Máa gé e lọ títí igi á fi kọ̀ fún ẹ, tí irin ò ní lè wọlé mọ́. Kì í ṣe pákó òkè nìkan o, títí kan igi ìdábùú tó gbé e dúró. Lẹ́yìn náà, wá ibi tí omi ń gbà wọlé. Tí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́."

"Ṣé mi ò kàn lè pààrọ̀ pákó òkè ni, Bàbá àgbà?"

"Wàá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wàá máa pa làpálàpá nìyẹn." Ó sinmi kó tó tún lè sọ̀rọ̀. "Kí o tó dè é mọ́lẹ̀, kọ orúkọ ẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀."

"Ta ló máa rí i?"

"Ẹni tó bá tú u lọ́jọ́ iwájú. Kò sí ilẹ̀ tí mo tẹ́ rí tí orúkọ mi ò sí lábẹ́ rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá ń tì ẹ́ lójú, má kọ ọ́. Tú u, kí o tún un ṣe."

Kendra gé pákó tó jẹrà kúrò. Ó ń rùn bí ewé tó ti pẹ́ nínú omi. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó ti gé e dé abẹ́ ibùsùn bàbá àgbà nígbà tí Tansy, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fọn fèrè ọkọ̀ níta, tó sì yọ orí sẹ́nu ọ̀nà.

"Kendra onígi! Gbogbo kíláàsì ti wà létí òkun, wọ́n ti dáná. Ìwọ wà níbí, ò ń jẹ igi bí ìkán!"

"Jẹ́ kí n parí ẹ̀ ná, màá wá lọ́la—" ni Kendra wí.

"Lọ́la, wọ́n ti kó eérú ẹ̀ dànù. Rhett tó wù ẹ́ ń bèèrè ẹ o. Tó bá bá ẹlòmíì jókòó, má sunkún sí mi létí."

Kendra gún igi ìdábùú tó wà lẹ́bàá ògiri. Súkúrúdíráfà náà wọlé dé ọwọ́. Lókè ibẹ̀, omi ń sun jẹ́jẹ́ lábẹ́ fèrèsé. Láti tún un ṣe, wọn yóò ní láti gbé ibùsùn kúrò, kí wọ́n sì tú ògiri.

Ó gbé pákó tuntun. Ó mú pẹ́ńsù, ó yí pákó náà padà, ó wò ó. Ó dá pẹ́ńsù padà sápò. Ó de pákó mọ́lẹ̀, ó sì lẹ rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ aláwọ̀ eérú lé e lórí. Ó dán.

"Ṣé igi kọ̀ fún ẹ?" ni Vernon bi í nígbà tó wọ́ ẹsẹ̀ dé láti yàrá kejì.

"Ó kọ̀, Bàbá àgbà."

"Yíká-yíká?"

"Yíká-yíká."

"O kọ orúkọ ẹ?"

"Mo kọ ọ́."

Vernon fi àtẹ́lẹsẹ̀ pa rọ́bà náà lára. "Ọwọ́ mi lo gbé wáyé. Máa lọ, wọ́n ń dúró dè ẹ́."

Òjò kò dáwọ́ dúró. Omi tó ń wọlé tẹ́lẹ̀ kò rí ibi gbẹ mọ́, rọ́bà ti bò ó. Nígbà tó di ọdún tuntun, Kendra rí i pé etí rọ́bà náà ti dúdú lẹ́bàá ibùsùn. Ó tẹ́ ẹní kékeré kan lé e lórí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìn-ín-ní, Vernon dìde láti se oúnjẹ àárọ̀ fún Toby. Kendra ti wà nínú bọ́ọ̀sì iléèwé, Dawn kò tíì dé láti ibi iṣẹ́. Igi ìdábùú náà ṣẹ́. Ẹsẹ̀ Vernon wọlé dé itan, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ṣubú. Toby sá jáde nínú òjò láìwọ bàtà, ó lọ kanlẹ̀kùn aládùúgbò. Ayùn ni wọ́n fi yọ bàbá náà.

Àyà Vernon kò gba kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Kendra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ní ilé ìwòsàn, kò lè jókòó.

"Pákó yẹn," ni Vernon wí. "Ṣé o kọ orúkọ ẹ?"

Kendra wo ilẹ̀. "Rárá, Bàbá àgbà."

Vernon ní, "Á jẹ́ pé o mọ̀ pé igi ti kú níbẹ̀."

Kò bínú. Ó kọjú sí fèrèsé. Kendra ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Kò sí ẹni tó ní kí Kendra má lọ sétí òkun. Iná ọjọ́ náà kò ju alẹ́ kan lọ; iṣẹ́ náà ìbá dúró dè é di ọjọ́ kejì. Ohun tó jẹrà kì í sàn nítorí pé a bò ó; abẹ́ ìbòrí ló ti ń jẹrà sí i, ẹni tó sì gbà wá gbọ́ ni yóò kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀.

Wọ́n sin Vernon Hoyle kí oṣù náà tó parí. Ní oṣù kejì, wọ́n wọ́ ilé onítáyà náà, tó ti jẹrà kọjá àtúnṣe, lọ sí ààtàn. Kendra kò ní bàbá àgbà mọ́, kò sì ní ilé.