Bàbá Tí Wọ́n Fi Lẹ́tà Pa

Ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà pa bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kan, orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá náà wà, ó ń kan pákó.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni gbẹ́nàgbẹ́nà tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí nígbà náà. Ó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún bàbá rẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù nítorí oòrùn, eruku pákó sì bò ó látorí dé ẹsẹ̀. Míṣọ́nnárì tó ti òkè òkun wá dá ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìgbẹ̀bí sílẹ̀ nílùú náà rí i, ó ní kó dúró kí òun ya fọ́tò rẹ̀. Ọmọ rẹ́rìn-ín. Míṣọ́nnárì ní kó má rẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni míṣọ́nnárì máa ń kọ lẹ́tà sí àwọn ìjọ tó rán an níṣẹ́, kí wọ́n lè mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún un. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọni lára. Ó bá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé ọmọ yìí kò ní bàbá, pé bàbá rẹ̀ ti kú, pé ẹnu ọ̀nà òun ló ń sùn. Àwọn ìjọ náà tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn wọn, wọ́n sì sunkún.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀, ká ní àwọn èèyàn kì í fi ìwé ìròyìn àtijọ́ di ẹrù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àpótí oògùn àti aṣọ ìkókó dé láti òkè òkun. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n máa ń pè láti wá fi òòlù ṣí àpótí. Bàbá ọmọ náà ṣí i, ojú ọmọ rẹ̀ ló bá lára bébà tí wọ́n fi wé ìgò oògùn. Kò mọ̀wé. Ó bẹ tíṣà kó kà á fún òun. Tíṣà kà á dé àárín, ó dákẹ́.

"Kà á tán," ni bàbá wí.

Tíṣà kà á tán. Bàbá kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò, ó rìn lọ sí kíláàsì karùn-ún, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ jáde. Ó ní, "Níbi tí wọ́n bá ti sọ mí di òkú, ọmọ mi ò ní kàwé níbẹ̀." Bí ọmọ náà ṣe fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹnu ò sin lára èèyàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí bàbá bá ń kọjá, àwọn aláwàdà á ní, "Òkú, ẹ káàárọ̀ o!" Bàbá á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dé ojú. Nígbà tó wá kú lóòótọ́, ẹnìkan ní ó kú lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ rẹ̀ gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò tẹ ọgbà míṣọ́nnárì mọ́, kò sì kí míṣọ́nnárì bí wọ́n bá pàdé lójú títì. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Kògbàgbé. Orúkọ náà kò dùn ún. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọdún méjìdínlógún kọjá lẹ́yìn ikú bàbá náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Kògbàgbé ń tún ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan ṣe ní èbúté nígbà tí ọkọ̀ èrò gúnlẹ̀ tòun ti ariwo. Àwọn èrò ń fò sílẹ̀ bí ẹni tí iná ń lé. Láàárín ọkọ̀, obìnrin kan tó ń rọbí dùbúlẹ̀, ó gbé orí lé itan ọkọ rẹ̀, ọkọ sì ń sunkún. Ọ̀dọ́bìnrin kan kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú aṣọ ìrìnàjò, ó ti ká apá aṣọ dé ìgbọ̀nwọ́, bàtà rẹ̀ kan ti bómi lọ, irun rẹ̀ ti tú bo ojú, ara rẹ̀ sì balẹ̀ bí ẹni tó wà nínú yàrá rẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú òòlù lọ́wọ́! Ẹ bọ́ ẹ̀wù yín!"

"Èmi?"

"Ṣé ẹlòmíràn tún mú òòlù ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀wù yín mọ́ ju tèmi lọ."

Ó bọ́ ọ. Kò mọ ìgbà tó wọnú ọkọ̀. Ọmọ jáde, ó rọ̀ jọwọrọ, kò ké. Ọ̀dọ́bìnrin náà gbé ẹnu lé ẹnu ọmọ, ó fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i, ó dúró, ó tún fẹ́ ẹ. Àfi bí ọmọ ṣe fa èémí wọlé lójijì, tó figbe ta, tí ara rẹ̀ tó funfun bí eérú sì ń pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀, láti àyà lọ sí ìka ẹsẹ̀.

Kògbàgbé fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú. Ó ti kan àga, ó ti kan ọkọ̀, ó ti kan pósí, kò sì sí èyí tí kò mọ ibi tí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ wà. Èyí kò ní ìsopọ̀ kankan. Ó wo èékánná ìkókó náà, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé. Ta ló fi ayùn gé e?

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákú o," ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí láì gbójú sókè. "Ọwọ́ mi ti dí."

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé ẹ̀wù náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́. Ó ka àkọlé ẹnu ọ̀nà, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Kògbàgbé. Ṣé ẹ rántí mi?"

"Ẹni tó bọ́ mi láṣọ ní gbangba ìta? Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàgbé?"

Ó jókòó sórí àga tí wọn kò tíì fi lọ̀ ọ́. "Iṣẹ́ ni mo gbé wá. Ọkọ̀ wa ń jò. Òun la fi ń lọ gbẹ̀bí ní àwọn erékùṣù."

"Ọkọ̀ ta ni?"

"Ti ilé ìgbẹ̀bí. Ìyá mi ni agbẹ̀bí àgbà, bàbá mi ni míṣọ́nnárì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n rán mi padà sọ́dọ̀ ìyá-ìyá mi lókè òkun láti kàwé. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí agbẹ̀bí, mo sì ti padà sílé."

Ìfági dúró lórí pákó.

"Ẹ gbé ẹ̀wù yẹn lọ," ni Kògbàgbé wí.

"Kí ni ẹ̀wù ṣe yín?"

Kògbàgbé tún ń fá pákó lọ. Agbẹ̀bí dìde, ó fi ẹ̀wù náà kọ́ ara ògiri. "Bí ẹ bá ń bá bàbá mi jà, ẹ̀wù ò sí níbẹ̀," ló wí, ó sì lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Kògbàgbé rí agbẹ̀bí àti ìyá rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń jò náà. Ìyá ń fi abọ́ gbọ́n omi dànù, ọmọ ń fa àjẹ̀. Obìnrin kan ti ń rọbí láti àná ní erékùṣù kejì. Kògbàgbé sáré wọ inú omi títí dé àyà, ó di etí ọkọ̀ mú.

"Ẹ fẹ́ kú ni?"

"Ẹni tó ń rọbí lè kú, àwa ń gbọ́nmi," ni ìyá agbẹ̀bí, tí gbogbo èèyàn ń pè ní ìyá àgbà, dá a lóhùn.

Ó fà wọ́n padà sí bèbè, ó kó òwú àti ọ̀dà, ó dí ojú ibi tó ń jò láàárín wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ agbẹ̀bí.

"Kì í ṣe torí bàbá yín o."

"Mo gbọ́. Torí ta ni?"

"Torí omi."

"Omi á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Bó ṣe di atukọ̀ ilé ìgbẹ̀bí nìyẹn, láìwọ ọgbà wọn. Èbúté ló ti ń gbé wọn, èbúté ló ń já wọn sí. Ohun tó rí ní àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn kò ṣeé fẹnu sọ tán. Ọwọ́ ìyá àgbà máa ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí tíì fi ń dànù sórí aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé ọwọ́ kan náà lé ikùn aboyún, ọwọ́ náà á dúró ṣinṣin bí òkúta. Àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n á wá kúnlẹ̀ kí i, nítorí òun ló gbẹ̀bí wọn. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti fi ilé àti ará sílẹ̀. Wọ́n ti sin ọmọ kan sí ilẹ̀ náà. Kò sí ẹni tó fi agbára mú wọn dúró.

Kògbàgbé á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọ́ igbe ọmọ tuntun, ẹnu á yà á bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó wá ń bẹ̀rù. Ó rọrùn láti bínú sí èèyàn búburú. Ti àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ńkọ́?

"Akọ-Igi," ni agbẹ̀bí máa ń pè é. "Wọ́n ní akọ igi kì í soje. Kí ló wá ń yọ lójú rẹ yẹn?"

"Òógùn ni."

"Òógùn ojú. Òun nìyẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀, ìyá àgbà ti sùn lọ sórí ẹrù, omi tẹ́jú bíi gíláàsì, kò sí ìró kan àfi ti àjẹ̀. Kògbàgbé dáwọ́ dúró.

"Mo fẹ́ fẹ́ ọ," ló wí.

"Ṣé torí omi náà ni?"

"Torí rẹ ni."

Agbẹ̀bí bojú wo omi títí. "Ó yá, wá sílé wá bá bàbá mi sọ̀rọ̀."

"Mi ò lè wọ ilé bàbá rẹ, àfi bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe." Ó wá sọ ọ́ fún un, láti orí fọ́tò dé orí àpótí.

"Bàbá mi? Kò lè ṣe é."

"Bi í."

Ó bi í. Ojú míṣọ́nnárì ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, ó yíjú sí ògiri. "Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn," ló wí. "Àdúrà àwọn tó ka lẹ́tà yẹn ló gbé wa dúró." Kò sọ pé òun ṣe é, kò sọ pé òun ò ṣe é.

Àkókò tó láti kọ lẹ́tà oṣù mẹ́ta. Nítorí ojú rẹ̀, ọmọ ló ń bá a kọ ọ́ lórí tábìlì oúnjẹ, bàbá ń sọ ohun tí yóò kọ, ìyá sì ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Kọ ọ́ pé obìnrin kan bímọ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tó o dé."

"Mo ti kọ ọ́."

"Kọ ọ́ pé kò ní ọkọ, kò ní ẹnìkan."

Agbẹ̀bí gbé bírò sílẹ̀. "Bàbá, ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Itan rẹ̀ ló gbé orí lé. Ó tiẹ̀ sunkún ju ọmọ lọ."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bá a bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò ní wọ̀ wọ́n lára."

Ọmọ wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

"Bàbá, èèyàn mélòó lẹ ti pa báyìí?"

Ìyá fa ọwọ́ yọ nínú omi ọṣẹ. "Èmi náà máa ń ka àwọn lẹ́tà yẹn ká tó lẹ̀ wọ́n," ló wí pẹ̀lẹ́. "Mo mọ̀. Oògùn ń dé, mo bá dákẹ́."

Agbẹ̀bí gba ṣọ́ọ̀bù Kògbàgbé lọ. Ó jókòó sórí àga tó máa ń jókòó sí.

"Òótọ́ lo sọ. Mo tọrọ gáfárà. Màá fẹ́ ọ, bó bá sọ ọ́, bí kò bá sọ ọ́. Bó o bá ní ká lọ ṣègbéyàwó ní kóòtù lọ́la, màá wá. Mi ò sì ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́."

Ohun tí Kògbàgbé ti ń dúró dè láti ọdún méjìdínlógún nìyí, kí ẹnìkan nínú ilé yẹn gbà pé òótọ́ ni. Ó yẹ kó dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó wo bí ètè rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, ó wá yé e pé bí òun bá mú un lọ báyìí, òun náà ti pa bàbá ẹnìkan nìyẹn.

"Rárá," ló wí. "Bàbá rẹ ò ní kú lójú rẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, màá wá dé ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì níta. Ibẹ̀ lẹsẹ̀ mi lè gbé mi dé."

"Ibi tó o bá dúró sí, ibẹ̀ ni màá dúró."

Ọjọ́ Ìsinmi náà ni wọ́n ń dúpẹ́ ọgbọ̀n ọdún. Àwọn àgbà ìjọ tó rán míṣọ́nnárì níṣẹ́ ti òkè òkun wá, wọ́n jókòó síwájú. Ṣọ́ọ̀ṣì kún, àga kan ṣoṣo ló ṣófo níbi ìjókòó ẹbí. Míṣọ́nnárì dìde láti jíṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún, ó nawọ́ kan àga náà, ó bá a lófìfo.

"Ọmọ mi dà?"

"Ó wà níta," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Òun àti ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà."

Ọkùnrin arúgbó náà mú ọ̀pá rẹ̀, ó gba àárín ìjọ kọjá, ó jáde. Gbogbo èèyàn dìde tẹ̀ lé e, àwọn àlejò náà tẹ̀ lé e, wọ́n rọ́ gìrìgìrì sí ẹnu ọ̀nà àti ojú fèrèsé. Ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà lára ògiri títí ọ̀pá fi kan bàtà Kògbàgbé. Agbẹ̀bí di ọwọ́ Kògbàgbé mú.

"Ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, sà." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọdún méjìdínlógún nìyẹn.

"Ṣé wàá jẹ́ kí n sọ ọ́?"

"Ẹ sọ ọ́ kó dún, sà. Àwọn tó wà lẹ́yìn náà fẹ́ gbọ́."

Míṣọ́nnárì yíjú sí àwọn tó rán an níṣẹ́. Ó wú ikọ́, ó gbé ohùn sókè.

"Mo kọ ọ́ sí yín nígbà kan pé bàbá ọmọ yìí ti kú. Irọ́ ni mo pa. Bàbá rẹ̀ wà lókè orí mi lọ́jọ́ yẹn, ó ń kan òrùlé ilé Ọlọ́run lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kí mi, mo sì dá a lóhùn. Èmi ni mo pa á."