Ìlà Tó Fara Pamọ́

Ẹnjiníà yí fóònù náà níbùú, ojú rẹ̀ sì fà ro. Bàbá àgbà ló sọ ọmọbìnrin náà ní Ẹnjiníà, torí kò sí ohun tó ní bátìrì nínú ilé tí kò tíì tú wò. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Sáré-parí, ló jọ ṣe áàpù tó ń rán àwọn àgbàlagbà létí oògùn wọn. Bí fóònù bá wà lóòró, kò sí wàhálà. Àmọ́ bí wọ́n bá ti yí i níbùú, ọ̀já búlúù tó wà lókè, níbi tí orúkọ áàpù wà, kì í dín kù. Ńṣe ló máa ń fẹ̀ bó ṣe fẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí á sì bo ìlà àkọ́kọ́ nínú orúkọ àwọn oògùn mọ́lẹ̀.

"Ta ni yóò yí i?" ni Sáré-parí bi í. "Olùkọ́ máa dì í mú lóòró, á fún wa ní máàkì, ó tán. Má da ara ẹ láàmú, jàre."

Nígbà tí olùkọ́ kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ wọn nínú kíláàsì, ó béèrè pé, "Ṣé ẹ ti dán an wò lóòró àti níbùú?"

Ẹnjiníà dá fóònù náà padà sóòró. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Àwọn ni wọ́n gba máàkì jù, àwọn náà ni olùkọ́ sì yàn láti ṣojú ilé ẹ̀kọ́ nínú ìdíje áàpù láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ẹnjiníà fi áàpù náà sórí fóònù bàbá àgbà, tó to oògùn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, bó ṣe ti ilé ìwé dé, ó bá bàbá àgbà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, òógùn bò ó, màmá Ẹnjiníà dì í mú. Òòyì ló kọ́ ọ. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó mirí.

"Bàbá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́?"

"Mẹ́ta tí fóònù kọ ni mò ń lò."

"Mẹ́rin ni, Bàbá!" ni màmá wí. "Ẹ ti ń gbàgbé nǹkan jù."

Bàbá àgbà tẹrí ba. "Bóyá orí mi ti ń dàrú lóòótọ́."

Ó gbé fóònù lé itan níbùú, bó ṣe máa ń ṣe kí lẹ́tà lè tóbi lójú rẹ̀. Ẹnjiníà yọjú wò ó. Ìlà mẹ́ta péré ló hàn. Èyí àkọ́kọ́, ìyẹn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti wọ abẹ́ ọ̀já. Ó lè dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà ń fi ìka tẹ iwájú orí bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù nínú rẹ̀, ara Ẹnjiníà kò sì gbà á.

"Màmá, ẹ̀bi Bàbá kọ́. Èmi ni. Mo mọ̀ pé áàpù yẹn ò tíì dáa, mo sì parọ́ pé ó dáa."

Ó yí fóònù náà sóòró, ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì hàn. "Ọpẹ́ ni pé ẹ tètè gbé wọn wá," ni nọ́ọ̀sì sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹnjiníà lọ jẹ́wọ́ fún olùkọ́.

"Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò," ni olùkọ́ wí. "Nígbà tí mo bi yín, iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ló kù."

Ó gba ipò ìdíje lọ́wọ́ wọn, ó gbé e fún àwọn mìíràn. Sáré-parí bínú, kò bá Ẹnjiníà sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Ẹnjiníà jókòó ti iṣẹ́ náà. Ó kọ́ áàpù pé nígbàkúùgbà tí fóònù bá yí, kó tún àyè tó wà wọ̀n, kó dín ọ̀já òkè kù, kí orúkọ oògùn kankan má sì wọ abẹ́ rẹ̀. Ó dán an wò lórí fóònù mẹ́fà. Bàbá àgbà gbà á padà tayọ̀tayọ̀. Màmá ní tirẹ̀ kọ orúkọ oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kò sì yọ ọ́.

Ẹnjiníà ò bá a jiyàn. Ó ti yé e pé ìtìjú ẹni tó sọ pé "Iṣẹ́ mi ò tíì parí" kì í ju ọjọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n irọ́ tí a bá fi bo àlèébù, ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló máa ń jẹ ìyà rẹ̀.